Ìjà òkè, ìjà ìsàlẹ̀: báwo ni àwọn ológun orílẹ̀-èdè tó jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe ń parí ìjà?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Donald Trump kọ ọ́ síta pé bí ìjọba Nàìjíríà bá ṣì ń wo àwọn tó ń pa Kristẹni níran, Amẹ́ríkà lè gbé ìbọn wọlé wá. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, lálẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì, ohun ìjà Amẹ́ríkà balẹ̀ sínú igbó kan ní ìpínlẹ̀ Sókótó. Ìjọba wa ní àwọn mọ̀ sí i, pé àjọsọ ni. Àfọ́kù ohun ìjà náà tiẹ̀ já bọ́ sí Ọ̀fà, tí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ nídìí fẹ́ńdọ̀ ní Takie ti ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá kan ní ọ̀rẹ́ kì í fi ìbọn dẹ́rù ba ọ̀rẹ́, pé ọ̀tá ni Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó jókòó lórí ọ̀kadà rẹ̀ ní, “Ẹ má bínú o, Bàbá. Niger tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí ńkọ́? Ṣebí àwa náà la ní a máa gbógun lọ bá wọn ní 2023? Ṣé ọ̀tá wa ni wọ́n ni?” Bàbá kò fèsì. Ó ṣí ojú ìwé eré ìdárayá.

Ìbéèrè ọmọ yẹn dára ju ìdáhùn púpọ̀ tí mo ti gbọ́ lórí rédíò lọ. Ìjà tó wà láàárín àwa àti Niger àti èyí tó wà láàárín àwa àti Amẹ́ríkà jọra lójú, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀kan yára tán. Èkejì ti lé lọ́dún méjì, kò sì tíì tán.

Kí ni àjọṣe ológun gan-an?

Àjọṣe ológun ni pé kí orílẹ̀-èdè méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbà láti jọ ṣe iṣẹ́ ààbò kan, kí kálukú sì máa ṣe ìjọba tirẹ̀. Ó níye ìgbà tó máa ń jẹ́ àdéhùn ńlá, pé ẹni tó bá kọlu ọ̀kan nínú wa ti kọlu gbogbo wa. Irú rẹ̀ ni NATO, tí Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan dá sílẹ̀ ní 1949. Àwa àti Amẹ́ríkà kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà láàárín wa kò ju pé à ń ra ohun ìjà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń dá àwọn ọmọ ogun wa lẹ́kọ̀ọ́, a sì jọ ń sọ fún ara wa ibi tí àwọn apániláyà fara pamọ́ sí.

Ti Niger jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di oṣù Kẹta ọdún 2025, Niger wà pẹ̀lú Nàìjíríà, Ṣáàdì àti Kamẹrúùnù nínú ikọ̀ ológun àjùmọ̀ní kan tó ń bá Boko Haram jà ní agbègbè adágún Ṣáàdì, Kutọnu (orílẹ̀-èdè Benin) náà sì fi ọmọ ogun sí i. Olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní N'Djamena, olú ìlú Ṣáàdì, ọmọ Nàìjíríà sì ni ọ̀gá wọn. Kálukú ní apá tirẹ̀ tó ń ṣọ́. Diffa ni ti Niger nígbà náà.

Ẹ wò ó bí ẹgbẹ́ lańlọ́ọ̀dù àdúgbò. Gbogbo wọn ló dá owó géètì, wọ́n sì jọ ń san owó ọlọ́dẹ. Ká ní méjì nínú wọn wá ń jà lórí ààlà ilẹ̀. Wọn kò ní tìtorí ìyẹn máa jà pẹ̀lú àdá lójú títì. Ṣùgbọ́n bí olè bá dé láago méjì òru, tí ọ̀kan pe èkejì pé kó wá ti géètì ìsàlẹ̀, èkejì lè wo fóònù kó má gbé e. Olè kò nílò kí lańlọ́ọ̀dù méjì di ọ̀tá ara wọn. Ìpè kan tí ẹnì kan kò gbé ti tó o.

Báwo ni àárín àwa àti Niger ṣe dàrú?

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, Ọ̀gágun Abdourahamane Tchiani, tó jẹ́ olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ, gba ìjọba lọ́wọ́ Mohamed Bazoum tí àwọn èèyàn dìbò fún. Ààrẹ Tinubu kò tíì lo oṣù kan lórí àga alága ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nígbà náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, ECOWAS ṣèpàdé ní Abuja, wọ́n fún àwọn ológun Niger ní ọ̀sẹ̀ kan péré kí wọ́n dá Bazoum padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn lè lo agbára. Wọ́n ti ẹnubodè. Wọ́n dá kátàkárà dúró. Nàìjíríà já iná mànàmáná tó ń lọ sí Niger, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná tí wọ́n ń lò ti ń wá.

Ẹni tó bá mọ Ìléélà ní Sókótó tàbí Jíbíà ní Katsina yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹbí kan náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ẹnubodè. Ọkọ̀ àlùbọ́sà àti ti màlúù dúró gbagidi lójú ọ̀nà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní kí Tinubu wá ọ̀nà mìíràn, àwọn kò fara mọ́ ogun. Ọ̀sẹ̀ kan pé, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́ jù. Ẹni tó bá halẹ̀ tí kò lè ṣe é ti pàdánù lápá méjì: ẹni tó halẹ̀ mọ́ ti bínú, kò sì bẹ̀rù. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Niger, Mali àti Burkina Faso fọwọ́ sí àdéhùn tiwọn, pé ẹni tó bá kọlu ọ̀kan ti kọlu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ni wọ́n ń bá wí, bí kì í bá ṣe àwa? ECOWAS gbé ìjẹníyà kúrò ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2024, Tinubu sì ní kí wọ́n ṣí ẹnubodè ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta. Ó ti pẹ́ jù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kéde nínú oṣù Kìíní pé àwọn ń fi ECOWAS sílẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n ti jáde pátápátá.

Kò yẹ kí irú èyí ya àwa ọmọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu. Ní nǹkan bí igba ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn, Aláàfin Olúewu ké sí ọba àwọn Bàrìbá, ẹni tí à ń pè ní Ẹlédùwẹ̀, pé kó wá bá òun gbógun ti Ìlọrin. Ogun náà pọ̀ lọ súà. Ṣùgbọ́n inú ń bí àwọn kan nínú àwọn olórí ogun Ọ̀yọ́ sí Aláàfin fúnra rẹ̀, wọn kò sì fi ọkàn jà. Àtọba Ọ̀yọ́ àtọba Bàrìbá ló kú sójú ogun náà, Ọ̀yọ́-Ilé sì dahoro. Kì í ṣe ọ̀tá nìkan ló ṣẹ́gun wọn.

Bí ìjà bá dé, kí ni kì í ṣiṣẹ́ mọ́?

Èyí ni ibi tí ìròyìn kì í sábà dé, òun ló sì ṣe pàtàkì jù.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ bàálù. Bàálù ológun kò lè kàn gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá. Wọ́n ní láti tọrọ ìwé àṣẹ ṣáájú. Nínú ìwé náà ni wọn yóò kọ irú bàálù tó jẹ́ àti nọ́ńbà ara rẹ̀ sí, ibi tó ti gbéra àti ibi tó ń lọ, ọ̀nà tó máa gbà, ọjọ́ àti wákàtí, ohun tó kó sínú, àti àwọn tó wà níbẹ̀. Akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì kan yóò gbà á, ọ̀gá rẹ̀ yóò fọwọ́ sí i, ó parí. Láàárín àwọn tó mọwọ́ ara wọn, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nípa rẹ̀. Bí àárín bá ti dàrú, ìwé yẹn kan náà lè sùn sórí tábìlì.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2025, bàálù akẹ́rù C-130 kan ti iléeṣẹ́ ológun òfurufú wa balẹ̀ sí Bobo-Dioulasso ní Burkina Faso. Àwọn ológun wa ní Portugal ló ń lọ, pé nǹkan kan ló ṣe é lójú ọ̀run tó fi lọ balẹ̀ sí pápá tó sún mọ́ ọn jù. Burkina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ó wọ ojú ọ̀run àwọn láìgbàṣẹ, wọ́n sì dá àwọn ọmọ ogun wa mọ́kànlá dúró. Ẹ má gbàgbé pé lọ́jọ́ tó ṣáájú ni bàálù ajagun Nàìjíríà fò lọ sí Kutọnu láti bá wọn fọ́ ìfipágbàjọba tó fẹ́ wáyé níbẹ̀. Ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, ìròyìn yẹn kò ní dùn mọ́ wọn nínú. Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wa, Yusuf Tuggar, ní láti lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì dá àwọn èèyàn náà sílẹ̀ kí oṣù tó parí. Ká ní ọdún 2019 ni bàálù yẹn balẹ̀ síbẹ̀ ni, bóyá oúnjẹ ni wọ́n ìbá kọ́kọ́ gbé fún wọn.

Lórí ilẹ̀ ńkọ́? Bí ṣọ́jà wa bá ń lé àwọn agbébọn láti Zamfara tàbí Katsina, tí wọ́n sì sá wọ agbègbè Maradi ní Niger, ẹnubodè ni ṣọ́jà wa yóò dúró sí. Àfi kó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lódìkejì. Tẹ́lẹ̀, ó mọ orúkọ ẹni tó máa pè. Ìdí nìyẹn tí irú ikọ̀ àjùmọ̀ní bẹ́ẹ̀ fi máa ń ní ọ̀gá kan láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó ń gbé ní bárékè àwọn yòókù: kí ẹnì kan lè wà tó máa gbé fóònù. Tí wọ́n bá pe ọ̀gá yẹn wálé, kò sí ẹni tó ń kéde rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn agbébọn kì í pẹ́ mọ̀.

Ta ló ń kọ́kọ́ lọ bẹ̀bẹ̀?

Ológun ló sábà máa ń jẹ́. Olóṣèlú tó bá kọ́kọ́ lọ yóò dà bí ẹni tó gbà pé òun ló jẹ̀bi, àwọn alátakò nílé yóò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣọ́jà lè lọ láìsọ̀rọ̀ nípa ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tó bá lọ kò ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́: agbébọn ń kọjá níbí, kí la máa ṣe sí i?

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gágun Christopher Musa, tó jẹ́ olórí gbogbo ọmọ ogun Nàìjíríà nígbà náà, ṣe lọ sí Niamey, olú ìlú Niger, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Ó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Moussa Salaou Barmou, jókòó. Wọ́n gbà pé àwọn yóò tún máa ṣiṣẹ́ pọ̀, Niger sì ní àwọn yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ nínú ikọ̀ àjùmọ̀ní náà. Kò sẹ́ni tó ní kí Musa sọ bóyá ìfipágbàjọba dára tàbí kò dára. Mo gbà pé ìrìn àjò yẹn wà lára ohun tó bọ́gbọ́n mu jù tí ìjọba wa ṣe lórí ọ̀rọ̀ Niger.

Àmọ́ ṣọ́jà kò lè gbé e kọjá ibì kan. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2024, Tchiani jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ní Nàìjíríà àti Faransé jọ ń di rìkíṣí láti da orílẹ̀-èdè òun rú. Abuja ní irọ́ gbuu ni. Ìparí oṣù Kẹta ọdún 2025 ni Niger kéde pé òun ti jáde kúrò nínú ikọ̀ àjùmọ̀ní. Ohun tí ọ̀gágun méjì rọra kọ́, ọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n kan ti bì í wó. Tuggar lọ sí Niamey ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin láti tún un bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyẹn: ṣọ́jà a ṣílẹ̀kùn, mínísítà a wọlé, ẹni tó wà lórí àga yóò tún sọ̀rọ̀ kan, ilẹ̀kùn a padé.

Amẹ́ríkà wá ńkọ́?

Amẹ́ríkà ní òfin kan tí wọ́n fi orúkọ Sẹ́nétọ̀ Patrick Leahy pè. Òfin náà ní kí wọ́n má ṣe ran ẹ̀ka ológun orílẹ̀-èdè kankan lọ́wọ́ bí ẹ̀rí tó ṣe é gbára lé bá wà pé ẹ̀ka náà hùwà ìkà tó burú jáì sí aráàlú. Òun ló gbé wàhálà dé ní 2014. Nàìjíríà fẹ́ ra hẹlikópítà ajagun Cobra lọ́wọ́ Ísírẹ́lì, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ló ṣe é, wọn kò sì jẹ́ kí Ísírẹ́lì tà á. Aṣojú wa ní Washington nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébọ̀wálé Adéfuyè, bínú sọ̀rọ̀ ní gbangba, kò fi bò. Nínú oṣù Kejìlá ọdún náà, Nàìjíríà ní kí Amẹ́ríkà dáwọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe fún àwọn ọmọ ogun wa dúró.

Báwo ni wọ́n ṣe tún un ṣe? Díẹ̀díẹ̀, ó sì gbà wọ́n lọ́dún púpọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí bàálù ajagun Super Tucano méjìlá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2017, bàálù ológun wa ṣèèṣì ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn asáàlà ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno, ọ̀pọ̀ èèyàn sì kú. Ìjọba Obama, tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, dá ọjà náà dúró. Ìjọba Trump tún un gbé dìde, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017 wọ́n fọwọ́ sí i, iye tí wọ́n kọ sí i jẹ́ mílíọ̀nù 593 dọ́là. Àwọn awakọ̀ òfurufú wa lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ìpínlẹ̀ Georgia, ọ̀nà tí èèyàn fi ń jà láìpa aráàlú sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Ọdún 2021 ni àwọn bàálù náà dé tán. Kainji ni wọ́n kọ́ ilé fún wọn sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú ìtàn gígùn yìí ni ohun tí ríra bàálù ń dá sílẹ̀. Bàálù ń bàjẹ́, ó ń fẹ́ páàtì, ó ń fẹ́ ohun ìjà tuntun, awakọ̀ tuntun ń fẹ́ ẹ̀kọ́. Nítorí náà, látọdún 2021, àwọn ọmọ ogun méjèèjì kò lè ṣàìmáa pe ara wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà lè ra ohun ìjà mìíràn tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 346 dọ́là. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé lẹ́yìn ìyẹn tí Trump fi halẹ̀.

Ẹ rí i báyìí pé ariwo òkè, ti àwọn olóṣèlú, ni ìhàlẹ̀ yẹn. Ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn ológun ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò bàjẹ́. Àwọn tó ń pe ara wọn kò yé pe ara wọn. Kò pẹ́ tí Nuhu Ribadu, olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò, fi kó èèyàn lọ sí Washington nínú oṣù Kọkànlá, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kan kalẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe kí mínísítà wa ti bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí ohun ìjà tó balẹ̀ sí Sókótó. Bóyá ohun tí wọ́n ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà tọ̀nà ni ọ̀rọ̀ mìíràn, pàápàá fún ará Ọ̀fà tí irin já bọ́ sí àdúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń béèrè bí ẹni tó halẹ̀ ṣe di ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ohun tó fà á nìyẹn. Ti Niger yàtọ̀: òkè bàjẹ́, ó sì ya wọ ìsàlẹ̀.

Ṣé owó kò lè parí rẹ̀?

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ọjà, owó lè ṣe é. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Ọsirélíà já àdéhùn tó ní pẹ̀lú Faransé láti kan ọkọ̀ ogun abẹ́ omi, ó bá Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Faransé bínú débi pé ó pe aṣojú rẹ̀ wálé láti Washington àti Canberra. Biden, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, pe Macron, ààrẹ Faransé, lórí fóònù láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọsirélíà ní tirẹ̀ gbà ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 láti san mílíọ̀nù 555 yúrò fún iléeṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ náà, lẹ́yìn tí ìjọba tuntun ti gorí àlééfà. Ẹ kíyè sí ti ìjọba tuntun yẹn. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ burúkú ló máa ń rọrùn fún jù láti bẹ̀bẹ̀.

Ta ló máa san owó ìhàlẹ̀ fún Niger? Kò ní iye.

Kí ló kan Ògbómọ̀ṣọ́ nínú gbogbo èyí?

Ó kàn wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2026, àwọn agbébọn kọlu ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ọba ní Olóka, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, wọ́n sì pa ẹ̀ṣọ́ márùn-ún. Igbó ọba Ọ̀yọ́-Ilé nìyẹn, tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà nínú ìlú Ọ̀yọ́. Láti ibẹ̀, igbó lórí igbó ni lọ sí Borgu àti Kainji, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè Kutọnu. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ẹgbẹ́ apániláyà JNIM, tí Mali àti Burkina Faso jẹ́ ibùba wọn, ní àwọn ló ṣe ìkọlù kan ní Kwara. N kò sọ pé àwọn ló ṣe ti Olóka o. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn tó mọ ẹgbẹ́ yẹn jù, tí wọ́n ti ń bá a jà fún ọdún púpọ̀, ni àwọn ọmọ ogun Mali àti Burkina Faso, àwọn kan náà tí kò fẹ́ rí bàálù wa lójú ọ̀run wọn.

Nítorí náà, bí rédíò bá sọ pé ààrẹ méjì bọ ara wọn lọ́wọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ béèrè bóyá àwọn ọ̀gá ológun Niger ti padà sí ọ́fíìsì wọn ní N'Djamena. Ẹ béèrè bóyá bàálù wa ti ń gba orí Burkina kọjá láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ́. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Kutọnu, torí àárín àwa àti wọn ṣì dán mọ́rán. Bí ṣọ́jà wa àti tiwọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ṣọ́ igbó tó wà láàárín Borgu tiwa àti Borgu tiwọn, kì í ṣe ìpàdé nìkan, ẹni tó ní oko ní Ìkòyí-Ilé yóò mọ̀ ọ́n lára kí ìwé ìròyìn tó gbé e.